Ẹ Kọ́kọ́ Gbé Ènìyàn

Ẹ jókòó tì mí, ẹ gbọ́. Nígbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ alágbádá, bàbá kan wà n'Íkẹjà tó ń kọ́ àwọn olówó tó ní ẹṣin eré ìje bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú àwa ọmọ iṣẹ́ wọn. Á fi pàṣán gbá bàtà rẹ̀, á ní: "Bí ẹṣin bá ta ọmọ iṣẹ́ nípàá, ẹ kọ́kọ́ gbé ènìyàn!"

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá, ọmọ iṣẹ́ kún Agége. Súdáànì lẹṣin ti ń wá."

Lọ́jọ́ kan, ẹṣin ta bàbá fúnra rẹ̀ nípàá láyà. Dókítà ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ pè, pé bóyá pátákò ń dun ẹṣin. Kí wọ́n tó bojú wẹ̀yìn, bàbá ti kú.

Ìyàwó rẹ̀ jogún pàṣán. Ẹṣin yẹn ni wọ́n fi orúkọ bàbá sọ.