Ìsọmọlórúkọ Alùpùpù Olójú Mẹ́rin

Nínú gbogbo ògo tí ọmọ aráyé ń gbé wọ̀ bí agbádá, n kò rí èyí tó yẹ ká dọ̀bálẹ̀ fún tó ògo ọkùnrin tó jókòó sórí alùpùpù tí kò lọ síbì kankan, tó ń yí iná ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè ké. Ọba ní adé, bíṣọ́ọ̀bù ní ọ̀pá. Òun ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó yí i díẹ̀, adìyẹ sá. Ó yí i sí i, ọmọ ọwọ́ bú sẹ́kún. Ó yí i débi tó lè yí i dé, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro fúnra wọn. Gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò tíì kúrò lójú kan o, kò sì ní kúrò.

Mẹ́rìnlá irú àwọn ẹni ńlá bẹ́ẹ̀ ló ń pé jọ ní ìparí òpópónà wa ní Sùúrùlérè, ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Baba ọlọ́mọ ni wọ́n. Wọ́n á wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ nínú oòrùn tó ń yọ́ ọ̀dà ojú títì, òórùn tó ń jáde lára wọn á sì dà bí ti òbúkọ tí òjò pa. Tí o bá pe ohun tí wọ́n ń gùn ní ọ̀kadà, o ti bú wọn tìyátìyá. Bááìkì ni. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń rí mi lára, torí mo ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tí wọ́n ń ná ọ̀kadà lọ sí Ojúẹlẹ́gba nígbà tí bááìkì wọn ò bá ṣí.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wà lára wọn. Ó ń ta táìlì, ìsàlẹ̀ ilé tí à ń gbé ló sì wà, àwa wà lókè. Alùpùpù tirẹ̀ kéré sí ti àwọn yòókù, tókùnbọ̀ àtijọ́ ni, òkú ni wọ́n sì gbé e délé. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ohun àrà ni. Tí o bá da omi sínú gbogbo ihò rẹ̀, kò ní gbà ju ìdajì píọ̀wọ́tà kan lọ. Ìdajì píọ̀wọ́tà yìí làwọn tó ṣe é tún pín sí ojú mẹ́rin, tí písítìnnì kọ̀ọ̀kan fi kéré bí ife ògógóró. Ohun tó kéré báyìí kò lágbára nígbà tó bá ń yí díẹ̀díẹ̀. Àfi kó yí bí were. Níbi tí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà lásán ti ń bẹ̀bẹ̀ pé ó tó, tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ojú oorun bọ̀ ni. Nọ́ńbà ojú aago rẹ̀ lọ dé ogún, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹgbẹ̀rún ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, ibi pupa sì bẹ̀rẹ̀ ní méjìdínlógún. Kì í ṣe ṣéènì ló ń ṣí fáàfù rẹ̀, jíà kéékèèké ni, nítorí náà ìró mìíràn wà lábẹ́ igbe rẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí alápatà ń pọ́n ọ̀bẹ.

Ààrẹ ẹgbẹ́ náà ní kò sẹ́ni tó lè jí i dìde àfi kí wọ́n gbé e lọ sí Erékùṣù, sọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ṣẹ́ lókè òkun. Àna mi gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan ní Mushin, àgbà ọkùnrin tó ń fi gíláàsì méjì léra wọn kó tó rí fáàfù. Oṣù márùn-ún ló lò nídìí rẹ̀. Fáàfù mẹ́rìndínlógún, ó fọwọ́ ara rẹ̀ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Àìkú tí a lọ gbé e, ó kọ́kọ́ lẹ téèpù pupa mọ́ ojú aago náà, níbi mẹ́jọ.

"Gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara wọn ni," ó sọ fún àna mi. "Ẹ má jẹ́ kó kọjá téèpù yìí fún oṣù kan. Kẹ́ ẹ wá gbé e padà wá, kí n da ọ́ìlì ẹ̀ nù, kí n wo inú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè gbé e fò lọ sí Mẹ́kà."

"Bàbá, ọkàn yín balẹ̀."

"Kò balẹ̀. Orúkọ mi ló wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn. Tó bá dúró, àwọn ọ̀rẹ́ yín á gbé tiwọn wá, mo ti sinmi títún jẹnẹrétọ̀ ṣe nìyẹn. Tó bá kú, wọ́n á ní mo ti ń fọ́jú."

Ẹgbẹ́ náà ní àṣà kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ kẹjọ tí alùpùpù bá ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì dé ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, bí ọmọ. Wọ́n á fi oyin kan táǹkì rẹ̀, wọ́n á da mọ́ọ̀tì sí táyà iwájú, olówó rẹ̀ á sì yí iná títí ọwọ́ aago á fi wọ ibi pupa. Bí kò bá wọ ibi pupa, kò ní orúkọ, olówó rẹ̀ kò sì ní gba káàdì ẹgbẹ́. Bàbá ní oṣù kan. Ẹgbẹ́ ní ọjọ́ mẹ́jọ. Àna mi, tó ti ń retí káàdì láti ọdún tó kọjá, ní kò sí ohun tí ẹ̀ẹ̀kan péré lè ṣe.

Wọ́n pe bàbá náà wá, kó lè jẹ ọlá rẹ̀. Ó wọ jàlàbíà funfun. Ohun tó kọ́kọ́ wò ni ojú aago.

"Ta ló yọ téèpù?"

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni," àna mi ní. "Ẹgbẹ́ ní òfin."

"Ṣé ẹgbẹ́ ló da ọ́ìlì sí i?"

Ààrẹ rẹ́rìn-ín, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan bí oníṣẹ́ abẹ. "Bàbá, ọmọ tí wọn ò bá gbọ́ igbe ẹ̀, wọn kì í sọ ọ́ lórúkọ."

"Ọmọ tuntun ń ké fúnra ẹ̀. Ẹ kì í fún un lọ́rùn kó tó ké."

"Ẹ gbọ́ bàbá. Iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ń bà wọ́n lẹ́rù."

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo wọn. Àna mi yíjú sí mi. "Akọ̀wé, kí lo rí sí i?"

Mo ka ìwé dé òpin yunifásítì. Ohun tí mo fi ẹnu mi sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ni nǹkan yín."

Ó yí iná. Ní mẹ́wàá, ó ń kùn. Ní mẹ́tàlá, ohùn rẹ̀ yí padà, ìró ọ̀bẹ alápatà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ní mẹ́rìndínlógún, eyín ń dun èèyàn, àwọn àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru na fóònù sókè, ẹnu wọn là sílẹ̀ bí ẹni tó ń gba ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ aago wọ ibi pupa. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà yẹn ni nǹkan kán nínú rẹ̀, tó dún bí ìgbà tí ṣíbí já sínú ẹ̀rọ ìlọta, alùpùpù náà sì kú. Èéfín aláwọ̀ búlúù bò wá. Ọ́ìlì ń jò sórí mọ́ọ̀tì tí wọ́n dà sílẹ̀, ó ń léfòó lórí rẹ̀ bí ọbẹ̀ tó ti kan. Ẹnìkan nínú wọn ṣì ń ya fídíò.

"Mo sọ," Ààrẹ ní. "Iṣẹ́ Mushin."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti kọ ọ́ sójú ìwé ẹgbẹ́ lórí fóònù: kí ẹnikẹ́ni má gbé bááìkì lọ sọ́dọ̀ arúgbó yẹn mọ́, ojú rẹ̀ ti lọ. Àna mi, tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa alùpùpù náà, fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Mo kà á, mo sì dá fóònù padà fún un.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àna mi ní ojú ń ti òun, ó rán mi lọ sí Mushin. Bàbá, tó ti gbé alùpùpù náà padà lọ, ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sórí àpótí. Ó mú bíárìn kan, irin pẹlẹbẹ tó tẹ̀ bí èékánná, ó gbé e sínú oòrùn fún mi.

"Ẹ wo ọgbẹ́ yìí. Ó ń dán. Ti Àìkú nìyẹn. Ẹ wá wo èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ó ti dúdú, ọ́ìlì ti gba orí ẹ̀ kọjá. Ẹnìkan ti yí i kọjá téèpù kó tó di Àìkú. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀." Ó bọ́ gíláàsì òkè. "Àna yín fi ìyá ẹ̀ búra lórí fóònù pé òun kọ́. Mo gbà á gbọ́. Ilé kan náà lẹ jọ ń gbé. Ta ni?"

"N ò mọ̀, Bàbá."

"N ò ní bá a jà. Kó ṣáà sọ fún wọn pé òun ni. Ó tó mi."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ ni Bàbá ń tún ṣe títí dòní. Àna mi ra òmíràn, èyí tó ń ṣiṣẹ́, ó sì ti gba káàdì.

Ọjọ́rú tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ náà ni. Àna mi wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ mi pé kí n máa ṣí i kó lè gbóná. Ẹ́ńjìnnì náà ṣì tutù. Mo ń wo téèpù yẹn, mo sì yí iná dé mẹ́rìndínlógún, ẹ̀ẹ̀mẹta, torí mo fẹ́ gbọ́ ohùn náà. Èmi ni.