Ẹ Kú Ìlóṣòó

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ ní Dallas yìí máa ń rẹni débi pé eyín pàápàá ń rẹni. Bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn nígbà tí bàbá mi wá láti Ọ̀yọ́, kí wọ́n lè bá mi mójú tó àwọn ọmọ. Bí kò bá sí wọn, kò sẹ́ni tí yóò wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ lóru, iṣẹ́ alẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ relé. Wọ́n ní àdúgbò wa dà bí ibi tí wọ́n ti kó jáde: ilẹ̀kùn gáréèjì á ṣí, mọ́tò á wọlé, ilẹ̀kùn á padé, kò sẹ́ni téèyàn máa kí. Àwọn ọmọ mi náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá wọn lóhùn. Wọ́n ní àjò ò lè dùn kí onílé má relé. Èmi ń bẹ̀ wọ́n pé ká sún ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì wọn síwájú.

Kí ibí lè mọ́ wọn lára ni mo ṣe mú wọn lọ wo ère idẹ tí ìlú wa gbé kalẹ̀ lẹ́bàá ojú irin, ní ìrántí àwọn tó kọ́kọ́ gbá bẹ́síbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń fi igi gbá, níbí nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ pápá màlúù. Ọkùnrin méjì ni. Ọ̀kan gbé igi sókè. Èkejì lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀, ó na ìbọ̀wọ́ ńlá síwájú, ó ń retí bọ́ọ̀lù. Bàbá mi wo ẹni tó lóṣòó yìí títí, wọ́n tẹrí ba díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ìlóṣòó o."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló pa mí lẹ́rìn-ín, ṣé àwọn ará ilé kejì tí àwọn ń kí ń dáhùn ni?

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé àga tó ṣeé ká pọ̀ lọ síbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní wọ́n ti fìdí kalẹ̀ nìyẹn, mo tilẹ̀ gba alẹ́ kan kún tèmi níbi iṣẹ́. Bí mo bá wọlé láàárọ̀ tí wọ́n fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, màá ní kí wọ́n jẹ́ kí n sùn ná.

Ní Sátidé kan mo lọ fi mọ́tò gbé wọn. Mo gbọ́ ohùn wọn kí wọ́n tó rí mi. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ère náà pé ó ṣe wọ́n lálejò, pé Ọjọ́bọ̀ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni àwọn ń lọ, kí Ọlọ́run jẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó ń retí tètè dé. Kí n má parọ́, inú bí mi gan-an. Mo bi wọ́n pé ṣé ère ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dágbére fún ni.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dágbére fún ọ," ni wọ́n wí. "O ò jókòó gbọ́."

Wọ́n lọ ní Ọjọ́bọ̀ lóòótọ́. Mo fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀, ọ̀sán ni mò ń ṣe báyìí, síbẹ̀ ó ṣì ń rẹ̀ mí. Bí wọ́n bá pè lórí fóònù, wọn á ní ṣé mo ti bá àwọn kí ọ̀rẹ́ àwọn tó lóṣòó, èmi á ní n kò tíì ráyè.

Láàárọ̀ àná, mo gbé àga wọn lọ sídìí ère náà. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Omi òjò díẹ̀ wà nínú ìbọ̀wọ́ náà. Mo ní bàbá mi ní kí n kí yín, mo sì jókòó.