Lágúnjú àti Ìyípo Ọgbọ̀n

Òkèrèwè ni wọ́n ti bí Lágúnjú, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé títí di òní. Bàbá rẹ̀ ń dáko kòkó lọ́nà Ifẹ̀tẹ̀dó, òun náà ì bá sì dáko bí kì í bá ṣe ọkọ̀ akẹ́rù kan tó bà jẹ́ síwájú ilé wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, lọ́dún tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kí wọ́n tó tún ọkọ̀ náà ṣe tán, Lágúnjú ti mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì bá wọn lọ sí Ìbàdàn láìdágbére. Awakọ̀ ló padà wá dà. Ọdún méjìlélógún ló fi wakọ̀ fún yunifásítì ìlú wa, wọ́n sì ní ọkọ̀ kankan kò gbóná kó hó mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. N kì í gba ohun tí wọ́n bá sọ fún mi nípa ènìyàn láìwádìí, nítorí náà mo lọ bi ẹni tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ léèrè. Òótọ́ ni.

Nígbà tó fẹ̀yìntì lọ́dún 1990, ó ra Píjò 504 àlòkù kan níbi gbàǹjo, ó sì gbé e wọ Ẹgbẹ́ Awakọ̀ Ìfẹ́sowápọ̀, èyí tí ọkọ mi olóògbé dá sílẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà. Ọ̀gá ilé ìwé girama àwọn ọmọbìnrin ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. N kò mọ ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ti ń kọ ìwé, mo sì mọ bí a ti ń ṣọ́ ohun tí a kọ.

Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ wa máa ń sá eré ìje ọkọ̀, lójú ọ̀nà eléruku tó yí sọ́míìlì àtijọ́ kan po lẹ́yìn ìlú. Ọgbọ̀n ìyípo ni, ó sì máa ń gba wákàtí méjì ó lé díẹ̀. A ní àṣà kan: ẹni tí yóò máa ka ìyípo fún awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti àdúgbò mìíràn wá, kí ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́. Ará Ilare a kà fún ará Òkèrèwè, ará Òkèrèwè a kà fún ará Mọ́dákẹ́kẹ́. Wọ́n á jókòó sábẹ́ àtíbàbà, kálukú pẹ̀lú abọ́ tánganran níwájú rẹ̀. Bí ọkọ̀ tí ó ń kà bá ti kọjá, á sọ òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú abọ́. Kò gbọ́dọ̀ la ẹnu títí eré yóò fi parí. Ọkọ mi ló ṣòfin yẹn, nítorí lọ́dún àkọ́kọ́, ariwo ẹni tó ń ka méje da ìṣirò ẹni tó ń ka mẹ́sàn-án rú.

Lágúnjú kò gba ife ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe ipò kejì. Ní ìyípo mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ni ẹ ó ti rí i, bí ẹni tó ń lọ síbi òkú tí kò kàn án. Bó bá di ogún, àwọn tó ti ń fò bí ẹlẹ́ńgà á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn á ṣí sílẹ̀, èéfín á máa rú.

“N kì í lé ẹnikẹ́ni, Màmá Pirinsípà,” ló sọ fún mi nígbà kan. “Ọ̀nà ló ń bá mi lé wọn.”

Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin kò gbọ́dọ̀ sá eré mọ́. Oṣù kejì ọdún 1995 ni Lágúnjú yóò pé e. Èyí já sí pé eré Kérésìmesì 1994 ni àǹfààní ìkẹyìn tó ní láti gba ife náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni alága wa, Oyèkúnlé, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Mọ́dákẹ́kẹ́, mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ yàrá àlejò mi ní Ilare níbi tí a ti ń ṣèpàdé. Kọ́lápọ̀ lorúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ ọlọ́tí ẹlẹ́rìndòdò kan ló rán an wá láti Ìbàdàn.

“Àwọn ọ̀dọ́ là ń wá, ma,” ni Kọ́lápọ̀ wí. “A máa ya fídíò eré yìí, á jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ò lè jókòó wo nǹkan kan fún wákàtí méjì. Ẹ jẹ́ ká gé e sí ìyípo mẹ́wàá.”

“Lóṣù kẹfà sí ìkeje tó kọjá, wọ́n jókòó wo bọ́ọ̀lù àgbáyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin,” ni mo dáhùn. “Ṣé ẹnì kan gé ìyẹn kúrú fún wọn ni?”

“Bọ́ọ̀lù yàtọ̀, ma.”

“Kí ló fi yàtọ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Oyèkúnlé gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ tún rò ó wò, Màmá. Epo bẹ́ńtírò ò sí. A ò lè tò fún epo lọ́jọ́ mẹ́ta ká wá máa fi yí igi gbígbẹ po. Àti pé, ẹ má bínú o, ara àwọn àgbà inú wa ò le tó ti tẹ́lẹ̀.”

Lágúnjú tó jókòó láàárín wa ni Oyèkúnlé ń wò. Lágúnjú náà gbójú sókè.

“Ìgbà wo lara mi di tiyín, Alága?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ní ìdí mẹ́ta fún ohun kan ṣoṣo, ìdí kẹrin ni mo máa ń wá. Mo ní kí a sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì gbà nítorí pé ìrẹsì ti jinná.

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ pé Oyèkúnlé fẹ́ dán ọkọ̀ tuntun rẹ̀ wò. Ọkọ̀ pupa ilẹ̀ Japan kan ni, tó sún mọ́ ilẹ̀ bí aláǹgbá. Mo wọ takisí lọ sí sọ́míìlì, èmi àti Fàrídà, olùkọ́ ọmọ Ilare tó máa ń ka ìyípo fún Lágúnjú. A jókòó sábẹ́ igi, mo ṣí agbòòrùn mi. Ọkọ̀ náà ń sáré lóòótọ́. Ní ìyípo karùn-ún, eruku rẹ̀ kò tíì wálẹ̀ kó tó tún dé. Lẹ́yìn èyí ni ìró rẹ̀ yí padà, ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó dúró, omi gbígbóná sì ń tú jáde níwájú rẹ̀.

“Ìyípo mọ́kànlá,” ni Fàrídà wí, láìbojú wò mí.

Kọ́lápọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀. Mo pè é.

“Ọmọ mi, ta ló mú nọ́ńbà mẹ́wàá wá? Kí ló dé tí kì í ṣe márùndínlógún?”

“Alága ni, ma. Ní tiwa, a kàn ní kí wọ́n dín in kù ni. A ò dá iye lé e.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé mo ti rí ìdí kẹrin.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fura sí ẹnì kan ṣoṣo kò tíì mọ ìfura í ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni gígùn eré ń lé àwọn ọ̀dọ́ lọ ńkọ́? Mo lọ sí kíláàsì Fàrídà, mo bi àwọn ọmọ náà pé ta ló wo eré wa ní Kérésìmesì tó kọjá. Àwọn méjìlá nawọ́. Ta ló dúró dópin? Kò sí ẹnì kan. Mo ní kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Wọ́n ń wo ara wọn títí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìtùnúolúwa fi dìde.

“Ẹ má bínú, ma. A ò mọ ẹni tó wà níwájú ni. Ọkọ̀ tá à ń pàtẹ́wọ́ fún, a wá gbọ́ pé ìyípo mẹ́ta ló fi wà lẹ́yìn. Àwọn tó sì mọ̀ ọ́n, wọn kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn jókòó bí ère.”

“Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yìí?” ni mo bi í, torí ó dà bí ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà fi sí i lẹ́nu.

“Kò sẹ́nì kankan, ma. Oòrùn ló kọ́ mi.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Fàrídà bá wọn wí, ṣùgbọ́n òun náà ń fi ìwé bo ẹnu. Mo rìn padà sílé láìwọ ọkọ̀. Òfin ọkọ mi ni ọmọ yẹn ń sọ, èmi ni mo sì ń ṣọ́ òfin náà láti ọdún mẹ́rìnlá. Èmi tí mo ti ń wo ojú gbogbo ènìyàn fún ẹ̀bi, n kò wo inú ìwé mi.

Ní ìpàdé oṣù kọkànlá, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọkọ̀ pupa, ìyípo mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ Kọ́lápọ̀, àti ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Oyèkúnlé kò tilẹ̀ yí ìjókòó padà.

“Òótọ́ ni, Màmá, ọkọ̀ mi hó. Ọkọ̀ gbogbo wa ló ń hó. Ti Lágúnjú nìkan ni kì í hó, torí òun kì í sáré.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo rí i nínú ẹ̀rín yẹn pé a ti pàdánù ìbò. Ìgbà náà ni Lágúnjú dìde.

“Ẹ sá mẹ́wàá yín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé mẹ́wàá, kó gba ife iléeṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ máa lọ, kó máa lọ dé ọgbọ̀n, kó gba ife ẹgbẹ́. Ohun tí mo bẹ̀ yín náà nìyẹn. Ẹ má dá ọkọ̀ mi dúró.”

“Mo fara mọ́ ọn,” ni Oyèkúnlé wí, kí Lágúnjú tó jókòó pàápàá. Gbígbà kíákíá yẹn kò bá mi lára mu rárá. Mo kọ ìpinnu náà sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí mo ṣí ojú ewé tí òfin ìdákẹ́jẹ́ wà, tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, mo fi bírò mi fagi lé e, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá ń kà gbọ́dọ̀ kọ iye tó kà sórí pátákó dúdú lójú gbogbo ènìyàn. Pátákó méje ni mo yá láti ilé ìwé mi àtijọ́.

Ọkọ̀ méje ló sáré lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì. Oyèkúnlé ló kọ́kọ́ dé ìyípo kẹwàá, Lágúnjú wà ní ipò karùn-ún. Ọkọ̀ pupa náà ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀ nígbà tó dúró, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lọ síwájú rẹ̀. Wọ́n gbé ife iléeṣẹ́ lé e lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pín ẹlẹ́rìndòdò. Mo bojú wẹ̀yìn, Kọ́lápọ̀ ti ń di wáyà kámẹ́rà rẹ̀.

“Ọmọ mi, eré kò tíì parí.”

“Tiwa ti parí, ma.”

Ọkọ̀ iléeṣẹ́ tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá tan orin, ó yí orí padà sínú ìlú, Oyèkúnlé dúró sórí rẹ̀ pẹ̀lú ife, àwọn ọ̀dọ́ sì tẹ̀ lé orin náà lọ. Mo wá mọ ìdí tó fi gbà kíákíá.

Ọkọ̀ mẹ́rin ṣì ń yípo. Èmi kì í bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀: àwọn tó kù kò ju ọgọ́ta lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ ilé ìwé Fàrídà. Ṣùgbọ́n àwọn ọgọ́ta yìí ń wo pátákó. Bí Fàrídà bá ti nu nọ́ńbà kan tó kọ òmíràn, wọ́n á ké e sókè. Ọkọ̀ kan hó ní ìyípo kejìlélógún. Òmíràn dúró ní ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ó wá ku Lágúnjú àti Akínkúnlé, tó ń wa takisí ní Mọ́dákẹ́kẹ́, tí òun náà sì ń tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹyin. Akínkúnlé ló wà níwájú, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì hó. Pátákó méjèèjì ní méjìdínlọ́gbọ̀n, lẹ́yìn náà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀nà kọ̀, kò bá Lágúnjú lé e.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ rí lára Píjò yẹn: ó ké. Lágúnjú ń lé ènìyàn. Ní kọ́nà tí òkìtì igi wà, ó gba ẹ̀gbẹ́ inú níbi tí àyè kò tó, ó sì fi ìwọ̀n ìmú ọkọ̀ ṣíwájú dé ìdí okùn ìparí. Àwọn ọmọ yẹn fò bo ara wọn. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, Fàrídà bá a di ife ẹgbẹ́ mú.

“Ọkùnrin yẹn kọ̀, kò hó o, Màmá Pirinsípà,” ni Lágúnjú wí.

Ní oṣù kìíní, eré náà jáde lórí tẹlifíṣọ̀n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n ní Oyèkúnlé ni akọni awakọ̀ ọdún náà. Wọn kò dárúkọ ife ẹgbẹ́. Yàrá àlejò mi ni Lágúnjú ti wò ó. Ó tọ́ka sí Píjò kan tó kọjá fìrì lẹ́yìn ọkọ̀ pupa. “Èmi nìyẹn. Ẹ wo iná ẹ̀yìn mi, tọ̀tún ò tàn.” Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó tètè dìde lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Oyèkúnlé wá bá mi. Ó fẹ́ kí n kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé òun nìkan ló gba eré ọdún 1994, kí iléeṣẹ́ náà lè padà wá fún ìyípo mẹ́wàá péré.

“Gbogbo Ìbàdàn ló ti rí i, Màmá.”

“Ìbàdàn kò sí níbẹ̀.”

“Ọgọ́ta ọmọ ilé ìwé kọ́ ni ìlú.”

“Wọ́n ju kámẹ́rà kan lọ.”

Ó ní bí n kò bá lè kọ ọ́, ẹgbẹ́ á wá akọ̀wé mìíràn. Mo ní kí wọ́n wá a, kí wọ́n sì rí i pé ó mọ ìwé kọ. Mo ṣí ìwé náà lójú rẹ̀, mo kọ ìlà méjì: Oyèkúnlé, ìyípo mẹ́wàá, ife iléeṣẹ́; Lágúnjú, ìyípo ọgbọ̀n, ife ẹgbẹ́. Mo fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́rìnlá ti kọjá báyìí, wọn kò tíì rí akọ̀wé.