Alága Tó Ń Béèrè Ohun Tó Sọ

Alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Ìwéré-Ilé kì í sọ̀rọ̀ kó lọ bẹ́ẹ̀. Bó bá sọ ọ́ tán, á wojú ẹni, á ní, “Kí ni mo wí?” Ẹgbẹ́ yòówù tó bá gba ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ wọn, òun fúnra rẹ̀ á lọ síbẹ̀ lọ sọ ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀, á sì gbọ́ ti àwọn náà.

Lọ́dún tí kòkòrò pa ẹ̀gẹ́ wa ní Ilua, wọ́n fún wa ní igi ẹ̀gẹ́ tuntun àti agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tútù kan. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tiwa, èmi ni mo sì pín agbọ̀n náà. Lọ́jọ́ kejì, alága dé ilé mi.

“Ẹ̀gẹ́ yìí korò, ó ní májèlé, a kì í sè é jẹ. Ẹ rin ín, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ tó yan án. Kí ni mo wí?”

“Mo ti gbọ́ yín, Ìyá.”

“Akọ̀wé, mo mọ̀ pé o létí. Kí ni mo wí?”

“Ẹ ní a kì í sè é...”

Mo ti se mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, mú ọ̀kan dání, ó ń fẹnu fẹ́ ẹ kó lè tutù. Mo gbá a bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣé o ti jẹ ẹ́?”

“Ó gbóná.”

Alága kò bá mi wí. Ó ní, “Àwọn wo lo tún fún nínú agbọ̀n yẹn?”

Ilé márùn-ún ni. Mo pọn ọmọ mi, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé tí ọmọ pọ̀ sí jù.