Bí Mo Ṣe Gbé Kòkànmí Lọ Sọ́sibítù ní Àkúrẹ́

Ọyẹ́ mú ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú náà débi pé mi ò rí ilé alága àdúgbò wa, bẹ́ẹ̀ títì kan péré ló wà láàárín wa. Eruku funfun bo gbogbo nǹkan, ètè mi sì ti là kí n tó parí àdúrà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí èmi àti Kòkànmí fi jáde nílé. Kòkànmí ni abo ajá mi.

Ọ̀rọ̀ tó lé wa jáde nìyí. Kòkànmí bímọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, mẹ́fà lákọ̀ọ́kọ́, méje lẹ́yìn náà. Àwọn onílé àdúgbò wa l'Óǹdó bá ṣèpàdé, wọ́n ní ariwo ọmọ ajá ti pọ̀ jù, wọ́n sì kọ òfin sínú ìwé: abo ajá tó bá tún lóyún, kí ẹni tó ni ín mú un kúrò ládùúgbò. Ibi tí ajá ń gbà kúrò ládùúgbò l'Óǹdó, ẹ ò nílò kí n sọ fún yín. Ọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri ra ajá fún àwọn tó ń sè é ti yọjú wò ó nílé mi lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bú ẹni tó ń jẹ ẹ́ o. Bàbá àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fún lórúkọ, tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà mi, mi ò lè gbà kí wọ́n fi se ọbẹ̀. Kòkànmí sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ, ìpàdé mìíràn sì ń bọ̀ ní Sátidé.

Akọ tó ń bá a ṣe é, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Jẹ́nẹ́rà ni, ajá alága fúnra rẹ̀. Òfin ò dárúkọ ìyẹn.

Dókítà ẹranko kan nítòsí wa ní ogójì ẹgbẹ̀rún náírà lòun yóò gbà láti yọ ilé ọmọ rẹ̀. Owó oúnjẹ mi fún oṣù méjì nìyẹn. Ìyàwó pásítọ̀ wa ló sọ fún mi pé ọsibítù ẹranko kan wà l'Ákùúrẹ́, pé lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ oṣù, ẹgbẹ̀rún méjìlá ni wọ́n ń gbà.

Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í rìnrìn àjò láìjẹun. Ìyá mi ò gbà á fún wa, èmi náà ò gbà á fún àwọn ọmọ mi. Nítorí náà mo fún Kòkànmí ní èbà àná pẹ̀lú orí ẹja gbígbẹ méjì. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá abọ́.

Ní gáréèjì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń gbé Àkúrẹ́ ló ń wa ọkọ̀ tó kàn. Ẹgbẹ̀rún méjì lowó mi, ẹgbẹ̀rún kan lowó ajá. Kí epo tó wọ́n, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo máa ń san. Ó ní itọ́ ajá ò gbọdọ̀ kan òun o, nítorí àlùwàlá òun. Mo fi àpò ìrẹsì wé Kòkànmí dé ọrùn, mo sì gbé e sáàárín ẹsẹ̀ mi.

"Màmá, èló lẹ fẹ́ tà á?" ni awakọ̀ bi mí nígbà tí a kúrò nílùú.

"Mi ò tà á. Ọsibítù ni mò ń gbé e lọ."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ara rẹ̀ le."

Obìnrin aláta kan tó jókòó tì mí wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ wà láyé, ìyá. Èmi tí ẹ̀yìn ń ro láti oṣù tó kọjá, àgbo ni mò ń mu."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ló sọ. A yà fún kòtò títí a fi dé Ọ̀wẹ̀nà. Níbẹ̀, aláta kan náà ra àkàrà, ọgọ́rùn-ún náírà fún ẹyọ kan tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ó ju méjì sí Kòkànmí. Ó ní ẹni tó ń lọ sọ́sibítù yẹ kó fi nǹkan sínú.

Ní ọsibítù náà, àwa àti ajá jọ tò sórí bẹ́ǹṣì. Ajá ńlá kan wà níbẹ̀ tó wọ ẹ̀wù òtútù. Tèmi ò nípọn tó tirẹ̀. Dókítà wa, ọmọbìnrin tí kò lè ju ọmọ-ọmọ mi lọ, kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní sípéè ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, ìyẹn ni pé wọ́n ó yọ ilé ọmọ rẹ̀ kó má lè lóyún mọ́. Mo ní ó yé mi. Láti kékeré la ti ń tẹ òbúkọ lọ́dàá nílé wa, ẹnikẹ́ni ò ṣèpàdé lé e lórí.

"Màmá, ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn?"

Mo ní kó má ṣèyọnu. Ó jẹ èbà nílé, ó jẹ àkàrà l'Ọ́wẹ̀nà, ó yó dáadáa.

Ó gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ṣàlàyé pé bí ajá tó yó bá gba abẹ́rẹ́ oorun, oúnjẹ lè gòkè wá há a lọ́nà ọ̀fun, kó sì kú. Kí n padà wá lọ́la, kó má sì jẹ nǹkan kan. Bí ọ̀la bá kọjá, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Mo wá mọ̀ pé ìkẹ́ tí mo kẹ́ ẹ ló fẹ́ ba tèmi jẹ́. Mo gbé e lọ sílé àbúrò mi obìnrin ní Ọ̀bà-Ilé, nítòsí Àkúrẹ́. Àbúrò mi yìí kì í rí àlejò kó má gbé odó. Ó gún iyán, ó fẹ́ bù fún ajá, mo ní rárá. Ó bínú. Ó ní òun ò lè máa jẹun kí àlejò máa wo òun lẹ́nu, ìbáà jẹ́ ajá. Kòkànmí jókòó, ó ń wo iyán, ó ń wò mí. Ni mo bá ti abọ́ tèmi náà sẹ́yìn. Báyìí ni mo ṣe pàdánù iyán Ọ̀bà-Ilé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣe é, wọ́n sì kọ káàdì fún un pé kò lè lóyún mọ́. Nígbà tí mo ń sanwó, mo bi dókítà bóyá òfin ìjọba kankan wà fún abo ajá nìkan. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí tí òun mọ̀ ò bèèrè akọ tàbí abo: kí ajá gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kó ní káàdì, kó má sì máa rìn kiri láìsí ẹni tó dì í mú.

"Akọ ńkọ́? Ẹ máa ń ṣe é?"

"A máa ń ṣe é, Màmá. Ó tún rọrùn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni, a kì í ṣí ikùn."

Mo ronú díẹ̀, mo sì ní kó kọ káàdì kan sí i fún mi.

A padà sí Oǹdó ní Jímọ̀. Wọ́n ti fi páálí ṣe kọ́là yí Kòkànmí lọ́rùn kó má baà lá ojú ọgbẹ́, ó wá dà bí àlùfáà. Nínú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni ò bi mí pé èló ni. Nígbà tí mo délé tí mo tẹ́ àpò ìrẹsì fún un lẹ́nu ọ̀nà, mo ronú sí ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi. Kò pọ̀: àwọn kan wà tó jẹ́ pé kí á febi pa wọ́n díẹ̀ ló máa gbà wọ́n là.

Lọ́jọ́ kejì, Sátidé, mo tètè dé ìpàdé. Mo gbé káàdì Kòkànmí sórí tábìlì. Alága kà á, ó ní àwọn dúpẹ́, ó ní ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn. Mo ní ọ̀rọ̀ tó kàn wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé káàdì kejì kalẹ̀. Orúkọ Jẹ́nẹ́rà ló wà lórí rẹ̀.

Akọ̀wé dorí kodò, èjìká rẹ̀ ń mì.

Alága ní, "Ìyá, Jẹ́nẹ́rà kì í bímọ."

"Mo mọ̀, òun ló ń fún wọn lóyún. Ọjọ́rú tó bẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń retí rẹ̀ l'Ákùúrẹ́. Títí dìgbà náà, ẹ dè é mọ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì fún un lóúnjẹ láti alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."