Mo dúró ní yẹ́lò, wọ́n ní orí mi ò pé



Mo ń gbé màmá mi bọ̀ láti Inísà. Bí a ṣe dé oríta kan n'Ìkìrun, iná tráfíìkì di yẹ́lò, mo sì tẹ búréèkì. Ìyá kan tó pọnmọ rí i pé mo dúró, ló bá ń sọdá.

Bọ́ọ̀sì ẹ̀yìn mi yà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, díẹ̀ ló kù kó gbá a. Dírẹ́bà náà tún ń pariwo: "Orí ẹ ò pé! Ta ló ń dúró ní yẹ́lò?"

Mo bọ́ sílẹ̀ lọ di ìyá náà mú. A jọ sọdá.

Nígbà tí mo padà, màmá mi ní: "Lọ́jọ́ mìíì, máa kọjá. Bọ́ọ̀sì yẹn ì bá ti gbá wa pa láti ẹ̀yìn."



Ẹ̀yin ńkọ́, tí yẹ́lò bá tàn, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ má purọ́ o.