Bí Ẹ̀rọ Sinimá Ṣe Sé Mi Mọ́lé

Ọdún tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀, tàbí ká kúkú sọ òótọ́, ọdún tí ilé ìwé fi mí sílẹ̀, kò sẹ́ni tí ọwọ́ ẹ̀ dí tó tèmi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ń jí, mo ń jẹun, mo ń lọ jókòó níwájú sinimá àtijọ́ tó wà nítòsí ilé wa, mo ń wo pátákó tí wọ́n ń lẹ àwòrán fíìmù mọ́ títí ebi á tún fi pa mí. Bàbá mi, tíṣà tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù, wá là á mọ́lẹ̀ pé tí n ò bá ríṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òun á fi alùpùpù gbé mi lọ sí Ìbefun, kí n lọ máa bá àbúrò òun gbin ẹ̀gẹ́. Èmi tí mi ò lè di bírò mú, èmi ni wọ́n fẹ́ gbé ọkọ́ fún.

Orí bá mi ṣe é. Àárọ̀ Sátidé yẹn gan-an ni wọ́n fi lọ́rì já ẹ̀rọ sinimá tuntun sílẹ̀ fún Alájì tó ni ilé sinimá náà. Tuntun lẹ́nu ni o. Àlòkù Èkó ni. Ó ga tó mi, ó sanra ju Alájì fúnra ẹ̀ lọ, irin ni látòkè délẹ̀. Fíìmù Íńdíà sì ti wà lójú pátákó fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo sáré lọ bá Alájì, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní èmi mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ẹ̀, kí wọ́n ṣáà fún mi níṣẹ́. Irọ́ ni. Ohun tó wúwo jù tí mo gbé rí ni àwo oúnjẹ mi.

Alájì wò mí títí. "Tí ẹ̀rọ yìí bá ṣiṣẹ́ lókè lónìí, wàá máa bá ọ̀gá tó ń yí fíìmù ṣiṣẹ́. Tí kò bá ṣiṣẹ́, mi ò gbọdọ̀ rí ẹ níwájú ilé mi mọ́."

Àtẹ̀gùn tó lọ sí yàrá òkè, níbi tí wọ́n ti ń yí fíìmù, tóóró bí ọ̀nà ọ̀fun, ó sì tún yà sápá kan láàárín. Èmi àtàwọn alágbára mélòó kan gbé e dé ibi kọ́nà yẹn, ó há. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, abẹ́ ẹ̀ ni mo sì wà, torí èmi ni mo ní mo mọ̀ ọ́n gbé. Gbogbo àdúrà tí mo ti ń sùn sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbà tán níbẹ̀.

Nígbà tá a rọra gbé e padà sílẹ̀, ọ̀gá, bàbá àgbàlagbà kan tó gbẹ bí igi ìdáná, ní ó dìgbà tí wọ́n bá dá ògiri yàrá òkè lu láti inú gbọ̀ngàn. Bíríkìlà dé, ó dá a lu. A kó àwọn bẹ́ǹṣì gbọọrọ tí èèyàn ń jókòó lé jọ, a tò wọ́n lórí ara wọn bí àkàsọ̀ ńlá, a ń ti ẹ̀rọ láti orí èyí bọ́ sí orí ìyẹn títí ó fi gba ihò ògiri wọlé.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi ti wá pọ̀ jù. Mo ní ká tì í sẹ́yìn dáadáa, kí ọ̀gá lè ráyè na ẹsẹ̀. Wọ́n tì í sẹ́yìn, wọ́n yìn mí. Àwọn alágbára gba orí bẹ́ǹṣì sọ̀ kalẹ̀, èmi dúró sínú láti máa bá bíríkìlà tó wà lórí bẹ́ǹṣì níta di búlọ́ọ̀kù mú. Ó dí ihò náà pa, ó ku kìkì ojú kékeré méjì tí iná fíìmù ń gbà jáde. Ó kó irinṣẹ́ ẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ayépé. Mo gbọn ọwọ́ mi, mo ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ gba oríyìn. Mo wá ilẹ̀kùn tì. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló wà, inú ló sì ń ṣí sí, ẹ̀rọ tí èmi nìkan ò lè tì ló dí i.

Àyè tó ṣẹ́ kù kò ju ibi tí apá lè gbà. Ojú ọ̀gá yọ níbẹ̀.

"Ta ló ní kí wọ́n tì í síbẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Ìwọ náà lo máa yí fíìmù."

Èrò ti ń wọlé, Alájì sì ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì òun kí fíìmù tó parí. Ọ̀gá ti gààrí àti ẹ̀pà gba àlàfo ilẹ̀kùn sí mi, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń kọ́ mi: fa fíìmù gba ibí, kì í ṣe ibẹ̀ yẹn, olórí kunkun. Ọ̀rọ̀ tó wọlé sí mi lórí lọ́jọ́ yẹn ju ti gbogbo ọdún tí mo lò nílé ìwé lọ.

Bí mo ṣe ń parí ẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn alùpùpù tí mo mọ̀. Mo yọjú gba ọ̀kan nínú ojú kékeré méjì yẹn, mo rí bàbá mi láàárín gbọ̀ngàn, ẹrù mi lápá kan, ọkọ́ lápá kejì. Bàbá tí kò wọ ilé sinimá rí láyé ẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn wá, ó fẹnu sí àlàfo.

"Jáde ká máa lọ."

"Mi ò lè jáde, sà."

"O ò lè jáde ni, àbí o ò fẹ́ jáde?"

"Méjèèjì ni, sà."

Ọ̀gá ló bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó nísàlẹ̀ títí fíìmù á fi parí. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó gbé ọkọ́ sáàárín orúnkún.

Mo tan ẹ̀rọ. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ orí àwọn èèyàn inú fíìmù wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn wà lókè. Gbogbo ilé hó. Ohùn kan borí tiwọn, ohùn tó ti ń lé mi lọ sídìí ìwé látìgbà tí mo ti wà ní kékeré: "Yí i padà!" Mo yí i padà.

Nígbà tí mo tún yọjú, ìyá arúgbó kan ń kú lọ lójú aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lé, ọkọ́ wà nílẹ̀, bàbá mi ń fi áńkáṣíìfù nu ojú.

Fíìmù parí, ó padà wá sẹ́nu àlàfo.

"Ìgbà wo lẹ tún máa ṣe òmíràn?"

Mo ní ọ̀la, tí mo bá rí ibi jáde. Ó dá ọkọ́ ní ìbú, ó tì í gba àlàfo wọlé sí mi. Sìmẹ́ńtì ò tíì gbẹ tán. Mo fi ọkọ́ Ìbefun yẹn wú búlọ́ọ̀kù mi kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi àti òógùn, títí mo fi rí ibi yọ orí. Mi ò tún fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.